Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Ẹrù: Ohun Tó Ń Mú Gíráfíìkì Inú Pírósẹ́sọ̀ Yá Tàbí Falẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kì í yé béèrè: "GB mélòó ni gíráfíìkì rẹ̀?" Gíráfíìkì ni apá kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù náà bá ní káàdì gíráfíìkì tó dá dúró, ìbéèrè yìí nítumọ̀, nítorí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní RAM (ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ sí) tirẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àárín, èyí tí owó rẹ̀ kò ga jù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré jù, kò ní káàdì bẹ́ẹ̀. Inú pírósẹ́sọ̀ ni gíráfíìkì wọn ń gbé pẹ̀lú àwọn kọ́ọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, kò sì ní RAM kankan tó lè pè ní tara rẹ̀. Lára RAM tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò ló ti ń mú. Ẹni tó bá wo Windows, tó rí 128 MB níwájú gíráfíìkì rẹ̀, tó wá figbe ta pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, kò tíì mọ̀ pé àyè kékeré tí wọ́n kàn yà sọ́tọ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti ń tan ni ìyẹn jẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, Windows máa ń gba gíráfíìkì láyè láti lò tó nǹkan bí ìdajì RAM; lórí kọ̀ǹpútà tó ní 16 GB, ìyẹn sún mọ́ 8 GB. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ wọ inú BIOS (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tan) lọ, wọn a sọ 128 MB náà di 512 MB, wọn a sì jókòó ti géèmù wọn kí ó wá yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe wà náà ló ń wà, nítorí kì í ṣe àyè ló ń ni irú gíráfíìkì yìí lára bí kò ṣe ọ̀nà tó ń gbà dé ibi tí ẹrù wà.

Iye kọ́ọ̀ àti iye GHz ti di ohun tí ọmọdé pàápàá ń kà lórí, nítorí náà kò sí ìdí láti fi wọ́n ṣòfò níbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn ni bí CPU (àwọn kọ́ọ̀ tó ń ṣe ìṣirò) àti gíráfíìkì ṣe ń béèrè ẹrù lọ́wọ́ RAM, nítorí ìwà àwọn méjèèjì kò jọra rárá. Ká sọ pé ilé iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọ̀gá ìṣirò mẹ́fà jókòó sí yàrá kan, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akunlé sì wà ní yàrá kejì. Àwọn ọ̀gá ìṣirò ni kọ́ọ̀ CPU, àwọn akunlé ni gíráfíìkì, yàrá ẹrù tí gbogbo wọn jọ ń lò sì ni RAM. Ọ̀gá ìṣirò a ránṣẹ́ gba ìwé kan ṣoṣo, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì fi èyí tó ń lò léraléra pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kì í sábà ní ohun tó ń wá ní yàrá ẹrù. Akunlé ní tirẹ̀ kì í ronú púpọ̀. A ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, a kun ojú kan, a sún síwájú, ohun tó sì kù tó ń béèrè ni ọ̀dà mìíràn. Dúrọ́ọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un, nítorí ọ̀dà tó ti kùn sára ògiri kì í padà sínú garawa.

Ògiri tí wọ́n ń kùn náà kì í ṣe kékeré. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 1920 × 1080 ní píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó ń di àwòrán) 2,073,600, báìtì mẹ́rin-mẹ́rin sì ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń kun gbogbo rẹ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbé àwòrán tó ti parí lọ sí ojú kọ̀ǹpútà nìkan ti tó ìdajì gígábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣì kéré. Nínú géèmù, ojú kan náà ni wọ́n ń kùn lákùntúnkùn: wọ́n á kọ́kọ́ kun ògiri ẹ̀yìn, wọ́n á fi ènìyàn bò ó, wọ́n á fi òjìji lé e, wọ́n á tún fi èéfín ṣíṣú bo gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó kun ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ mú àwòrán awọ ohun náà wá láti inú RAM, kí wọ́n wo èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n ka àwọ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ tuntun padà. Ìdajì gígábáìtì yẹn a máa bí sí i títí yóò fi di ẹrù ọ̀pọ̀ gígábáìtì.

Níbo ni gbogbo ẹrù wọ̀nyí ń gbà kọjá? Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹrù kan náà tí àwọn ọ̀gá ìṣirò ń gbà ni. Aṣọ́nà kan dúró síbẹ̀ tó ń pín àyè fún oníkálukú, bó sì ṣe ń pín in fi hàn pé ẹni tó ṣètò rẹ̀ gbọ́n. Ẹrù ojú kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ pẹ́, nítorí bí kò bá dé lásìkò, àwòrán a máa ṣẹ́jú, gbogbo ayé a sì rí i. Ti ọ̀gá ìṣirò náà ń fẹ́ kíákíá, nítorí bí ìwé rẹ̀ kò bá tíì dé, ńṣe ni yóò kàn káwọ́ gbera. Àwọn akunlé ló lè mú sùúrù jù. Bí ọ̀kan bá ń dúró de garawa, òmíràn tí ọ̀dà tirẹ̀ ti dé a gba ipò rẹ̀, iṣẹ́ kò sì ní dúró. Nítorí náà, kí ẹrù pẹ́ díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa gíráfíìkì lára. Kí ẹrù má tó ló ń pa á lára. Bí àpapọ̀ garawa tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò bá tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbapò ara wọn tó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fọwọ́ lẹ́rán.

Bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó kì í ṣe àwámárìídìí. RAM DDR4-3200 ń gbé ẹrù nígbà mílíọ̀nù 3,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì mẹ́jọ sì ni ojú ọ̀nà kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ 25.6 GB. Bí wọ́n bá ki RAM méjì bọ̀ ọ́, tí ojú ọ̀nà méjì sì ṣí, ó di 51.2 GB. DDR5-5600 ń gbé 44.8 GB lójú ọ̀nà kan, méjì rẹ̀ sì jẹ́ 89.6 GB. LPDDR5X-7500 tí wọ́n jó mọ́ pátákó kọ̀ǹpútà, bí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ bá ṣí, ń gbé 120 GB. Ká wá gbé káàdì GTX 1650 tó ń lo GDDR5 (irú RAM tí wọ́n ṣe fún káàdì gíráfíìkì) sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èyí tí kò sí ẹni tó ń kà á kún alágbára mọ́: òun nìkan ní 128 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì bá CPU kankan pín in. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tà pẹ̀lú RAM DDR4 kan ṣoṣo ní ìdá márùn-ún ìyẹn, CPU á sì tún bù nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń bíni nínú jù nìyí: kí ènìyàn ka orúkọ pírósẹ́sọ̀ láìka RAM. Core i5-1135G7 tí ilé iṣẹ́ Intel gbé jáde lọ́dún 2020 ní ẹ̀ka gíráfíìkì 80, i7-1165G7 sì ní 96. Lórí ìwé, i7 fi ìdá márùn-ún ju i5 lọ. Ṣùgbọ́n bí i7 náà bá wà nínú láptọ́ọ̀pù tí ojú ọ̀nà RAM rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àfikún 16 yẹn kàn jẹ́ akunlé mẹ́rìndínlógún mìíràn tó wá tò sẹ́nu ọ̀nà ni, i5 tó ní RAM méjì a sì máa fi í sílẹ̀ sẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Intel fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi òfin dè é: gíráfíìkì yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Iris Xe àyàfi tí ojú ọ̀nà RAM bá pé méjì, bí kò bá pé, UHD Graphics ni yóò máa jẹ́. Nígbà tí pírósẹ́sọ̀ Core Ultra dé ní December 2023, wọ́n tún òfin náà ṣe fún orúkọ Arc, wọ́n sì fi kún un pé RAM gbọ́dọ̀ tó 16 GB. Òtítọ́ inú ètò orúkọ yìí ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún un. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tí ènìyàn bá ti san owó, tó ti gbé kọ̀ǹpútà délé, tó ti tàn án, ni orúkọ tòótọ́ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lójú rẹ̀, nígbà yẹn aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ní ọ̀dọ̀ AMD, ilé iṣẹ́ tó ń bá Intel figagbága, inú orúkọ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ wà. Ryzen 5 7520U, 7530U, 7535U àti 7640U, ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nọ́ńbà kẹta ló ń sọ bí kọ́ọ̀ CPU wọn ṣe pẹ́ tó: 2 ni Zen 2, 3 ni Zen 3 tàbí Zen 3+, 4 sì ni Zen 4. Ní ti gíráfíìkì, 7520U ní Radeon 610M tí ẹ̀ka rẹ̀ kò ju méjì lọ. 7530U ṣì ń lo gíráfíìkì Vega àtijọ́ tó ní ẹ̀ka méje. 7535U ní 660M oní-mẹ́fà. 7640U ní 760M oní-mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé méje ju mẹ́fà lọ níbí, nítorí 660M jẹ́ RDNA 2, ìran gíráfíìkì tó dé lẹ́yìn Vega, iṣẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ju ti Vega lọ, DDR5 tàbí LPDDR5 ló sì ń bá rìn, nígbà tí DDR4 tàbí LPDDR4X ń bá 7530U rìn. Intel náà ní irú ẹ̀tàn yìí lápá kan: i5-12450H, tí H inú orúkọ rẹ̀ ń kéde agbára, kò ní ju ẹ̀ka gíráfíìkì 48 lọ, nígbà tí i5-1235U tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní 80. Àwọn H sábà máa ń bá káàdì tó dá dúró gbé pọ̀, nítorí náà ẹni tó ra ọ̀kan láìsí káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti sanwó fún àwọn ọ̀gá ìṣirò, ó sì ti dín iye akunlé kù.

Iná mànàmáná náà jẹ́ àpò kan tí wọ́n jọ ń náwó nínú rẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ tí U gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ sábà máa ń ní wáàtì 15 fún CPU àti gíráfíìkì pọ̀, ẹni tó bá ṣe láptọ́ọ̀pù ló sì máa pinnu bóyá yóò fi kún un dé 28. Ìdí nìyí tí láptọ́ọ̀pù méjì tó ní pírósẹ́sọ̀ kan náà àti RAM kan náà fi lè yàtọ̀ síra nídìí géèmù.

Ẹni tó jẹ́ pé fídíò ló ń wò lè máà rí gbogbo wàhálà yìí láéláé, nítorí kì í ṣe àwọn akunlé ló ń tú fídíò. Ẹ̀rọ kékeré ọ̀tọ̀ kan wà nínú pírósẹ́sọ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ̀. Ohun tó yẹ kó wò ni irú fídíò tí ẹ̀rọ náà gbọ́: i5-1135G7 gbọ́ AV1 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀), Vega inú 7530U kò gbọ́ ọ, CPU ni yóò bá a túmọ̀ rẹ̀, ariwo fáànù àti bátìrì tó ń tètè lọ ni yóò sì jẹ́rìí sí i.

Ọgbọ́n tí àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe pírósẹ́sọ̀ ti dá ni láti gbé yàrá ẹrù sún mọ́ ilé iṣẹ́. Core Ultra 200V tí Intel gbé jáde lọ́dún 2024 gbé RAM lé orí pákó kan náà pẹ̀lú pírósẹ́sọ̀, LPDDR5X-8533 tó ń gbé nǹkan bí 136 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ 16 GB tàbí 32 GB tí wọ́n bá gbé sí i ni yóò máa wà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra RAM tí a kò lè yọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Síbẹ̀, fún ẹni tí gíráfíìkì inú pírósẹ́sọ̀ jẹ lógún, RAM tí wọ́n jó mọ́ ọn tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ṣí sàn ju ihò méjì tí ọ̀kan ṣófo lọ.

Ẹni tí ihò kan bá ṣófo nínú tirẹ̀ lè mọ̀ láìtú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí ó ṣí Task Manager, kí ó lọ sí Performance, kí ó tẹ Memory, kí ó sì wo ibi tí wọ́n kọ "Slots used" sí. Bí ó bá rí "1 of 2", ihò kan ṣì ń retí àlejò. Lórí láptọ́ọ̀pù Iris Xe, bí wọ́n bá ki RAM kejì tó bá ti àkọ́kọ́ mu bọ ihò náà, tí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà tàn, wọn kò ní nílò láti fi sọ́fítíwíà kankan kún un kí orúkọ tó jẹ́ UHD Graphics lánàá tó di Iris Xe Graphics.