Ohun Dídì Ni, Kì í Ṣe "Ohun Líle"

Ẹni tó bá tún fẹ́ fi "ohun líle" túmọ̀ "solid" fún ọmọdé nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ohun tó dá dúró ní ìrísí tirẹ̀, kó kọ́kọ́ fi òwú lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ti ṣe é rí. Ọmọ ọdún 8 kan gba òwú náà, ó fún un mọ́wọ́, ó tú u sílẹ̀, ó ní, "Èyí ò le. Ṣé omi ni?" Ọmọ náà kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà. Ohun tí ọwọ́ bá fọwọ́ kàn ni líle àti rírọ̀ ń sọ. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ohun náà dá dúró ní ìrísí tirẹ̀.

Àwọn kan ní ká sáà máa pe ipò mẹ́ta tí nǹkan lè wà ní "sólíìdì, líkúìdì, gáàsì". N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, kọ̀ǹpútà lèmi náà ń pe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ta ọmọ lólobó kankan, àkọ́sórí lásán ni. Gáàsì ló tilẹ̀ burú jù, torí ọmọ ti mọ gáàsì ìdáná. Bẹ́ẹ̀, ẹ mi sílíńdà rẹ̀ wò: ẹ ó gbọ́ ohun tó ń ṣàn síwá sẹ́yìn níbẹ̀, nítorí wọ́n ti fún un pọ̀. Ìgbà tó bá jáde ló ń tú ká. "Afẹ́fẹ́" tí àwọn mìíràn fi ń dípò gáàsì kò sàn jù ú, orúkọ àdàlù gáàsì kan pàtó ni: nitrogen kó bíi 78 nínú 100 rẹ̀, oxygen kó bíi 21. "Olómi" fún líkúìdì náà kò wọ̀. Mẹ́kúrì, mẹ́táàlì kan tó ń dán bí fàdákà, ń ṣàn, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Dídì fún sólíìdì, ṣíṣàn fún líkúìdì, títúká fún gáàsì ni mo yàn. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́: omi dì, ọ̀rá dì, ìda dì. Ìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ohun tó dì lè yọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ "ipò" mẹ́ta, tí n kì í sọ "oríṣi" mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní òkúta kò dì rí, bó ṣe wà ló ṣe wà. Irọ́ ni! Òkúta ń yọ́ nínú òkè ayọnáyèéfín, ó ń ṣàn bí ìgbóná rẹ̀ bá tó bíi 1,000 Celsius, tó bá tutù, á tún dì. Irin ń yọ́ ní 1,538. Ó ní iyanrìn ńkọ́, ṣebí ó ń ṣàn? Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ fi sínú ife, ẹ fi sínú àwo, ìrísí rẹ̀ kò yí padà. Òkìtì ló ń yí.

Àlàyé bí nǹkan ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn kò gùn. Ẹ wo agbo oyin tó so mọ́ ẹ̀ka igi. Bí òtútù bá mú wọn, wọn á lẹ̀ mọ́ra pinpin, oníkálukú á máa gbọ̀n lójú kan. Bí ara wọn bá yá, wọn á máa rá gba orí ara wọn kọjá, síbẹ̀ ara á ṣì máa kan ara. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, wọn á fò lọ, ibi gbogbo tó bá ṣófo ni wọn á gbà. Oyin kan náà ni látòkèdélẹ̀, kò sí èyí tó di eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ni mólékù omi, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ, rí: omi ń dì ní 0 Celsius, ó ń hó ní 100. Ti plasma àtàwọn ipò mìíràn tí nǹkan tún lè wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà ná.

Nígbà tí omi bá hó tó tú ká, àyè tó ń fẹ́ á tó ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń gbé ìdérí ìkòkò jó nìyẹn.