Ẹ Fi Ahọ́n Odídẹrẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Tọ́jú Èémí Rẹ̀

Láàárín oṣù kan péré, odídẹrẹ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá bá èmi dókítà ẹranko pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ni wọ́n sọ: ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹyẹ ti wò ó, ó ní ahọ́n rẹ̀ nípọn jù, pé bí a bá fi abẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò máa já geere lẹ́nu rẹ̀. Méjì nínú àwọn ẹyẹ náà yè é. Ìkẹta kú lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń wá ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú. Odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú tó ti dàgbà kì í sábà wúwo ju nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù lọ, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò sì ju ohun tí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lè gbà. Kí ẹni tó ń mú abẹ kiri ro ìyẹn wò.

N kò ní fi ààyè yìí sọ̀rọ̀ nípa àgò, omi àti ìmọ́tótó, nítorí mo gbà pé ẹni tó bá gbé ẹyẹ wọlé ti mọ ìwọ̀nyẹn. Ohun tó jọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni ibi tí ohùn ẹyẹ ti ń wá. Ohùn tiwa ń ti inú gògóńgò jáde, lókè ọ̀nà ọ̀fun. Ti ẹyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú àyà, níbi tí ọ̀nà èémí ti yà sí méjì láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún àti tòsì, ni ẹ̀yà ohùn tirẹ̀ wà. Syrinx ni a ń pè é nínú iṣẹ́ wa. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá ń kọjá, ìgbọ̀n yẹn ló sì ń di igbe, orin àti ọ̀rọ̀. Ahọ́n kò dá ohùn kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tún ohùn tó ti jáde ṣe nínú ẹnu: ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004 lórí ẹyẹ monk parakeet, tó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́, fi hàn pé bí ahọ́n bá kàn sún díẹ̀ báyìí, ohùn tó ń jáde yóò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó gé ahọ́n odídẹrẹ́ kò ṣí ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ kankan. Irinṣẹ́ tí ẹyẹ náà ìbá fi gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kalẹ̀ yékéyéké ló bà jẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ata pa ahọ́n rẹ̀, wọ́n ní yóò ta á jí; ẹyẹ kì í mọ títa ata lára bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n, wàhálà lásán ni wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹyẹ tí wọ́n rà kò fi sọ̀rọ̀? Ẹ bi ẹni tó tà á. Nínú igbó ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú ti wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì dẹ mú nígbà tí wọ́n ti gbọ́n, tí ìbẹ̀rù ènìyàn ti kún inú wọn. Irú wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí rírà àti títà ẹranko àti ewéko inú igbó, pàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fòfin de rírà àti títà odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Òfin yẹn ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 2017. Bí oníbàárà bá wá ráhùn sí ẹni tó ṣì ń ta irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ pé ẹyẹ yadi, ahọ́n ni yóò di ẹ̀bi rù.

Ẹ̀kọ́ àti ìbákẹ́gbẹ́ ló ń mú odídẹrẹ́ sọ̀rọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà nì, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú kan tó ń jẹ́ Alex ní ọdún 1977, ó sì kọ́ ọ fún 30 ọdún. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń lò níwájú rẹ̀, ọ̀kan ń béèrè orúkọ nǹkan, èkejì ń dáhùn, ẹyẹ náà sì ń wò wọ́n bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà. Kí Alex tó kú ní 2007, ó ti mọ orúkọ nǹkan tó lé ní 100, ó mọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Èyí tí a kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ náà, wọ́n ń kọ́ ọ. Ní 2020, ọgbà ẹranko kan ní Lincolnshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní láti kó odídẹrẹ́ márùn-ún kúrò lójú èrò nítorí pé èébú ni wọ́n ń bú àwọn àlejò. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń rẹ́rìn-ín ni àwọn ẹyẹ náà ń fi kún un.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù lọ ni èémí, nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ikú ń gbà wọlé. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kì í wú kó tún fọ̀n bí tiwa. Àpò afẹ́fẹ́ ló yí i ká, mẹ́sàn-án lára odídẹrẹ́, òmíràn nínú wọn sì wọ inú egungun apá lọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹyẹ bá fà sínú yóò kọ́kọ́ lọ sí àpò ẹ̀yìn. Nígbà tó bá mí síta, afẹ́fẹ́ náà yóò gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Nígbà tó bá tún mí sínú, yóò bọ́ sí àpò iwájú. Ìgbà kejì tó bá mí síta ni yóò tó jáde. Ìyẹn ni pé mímí méjì ni ẹyẹ ń fi gbé afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo kọjá, ojú ọ̀nà kan náà ni afẹ́fẹ́ ń tọ̀, èyí tó mọ́ sì ń kan ẹ̀dọ̀fóró nígbà gbogbo. Nípa bẹ́ẹ̀ ni igún kan fi lè wà lókè tó ju 11,000 mítà lọ lójú ọ̀run Abidjan ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti gbá a. Ènìyàn kì í pẹ́ dákú ní irú ibẹ̀.

Bí ẹ̀yà yìí ṣe ń gba afẹ́fẹ́ rere tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gba májèlé. Láti 1911 títí di 1986 ni àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹyẹ kánárì wọ inú ilẹ̀, nítorí pé bí gáàsì olóró bá wà níbẹ̀, ẹyẹ náà ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, tí àwọn ènìyàn yóò sì rí àyè sá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àgò kọ́ sí ilé ìdáná, kánárì inú kùsà ni ẹ sọ ẹyẹ yín dà. Páànù ìdínǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá wà lórí iná lófìfo tí ooru rẹ̀ kọjá nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ń tú èéfín kan tí ẹ̀yin lè má gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá, ó sì lè pa odídẹrẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti rí ilé tí ẹyẹ mẹ́rin ti kú kí ìyàwó ilé tó dáhùn ìpè kan lórí fóònù tán. Àwọn àgbà ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Inú ilé tí fèrèsé wà ní títì ni ó ti ń kú lójú tèmi. Sìgá, tùràrí, lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn alátùúyẹ́ẹ́ kò yẹ ní yàrá tó bá wà.

Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà lójijì, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè-sódò pẹ̀lú gbogbo èémí, tàbí tó ń lanu mí nígbà tí kò ṣiṣẹ́ kankan, ẹ má ṣe sọ pé ẹnì kan ti di ohùn rẹ̀. Irú ohun tó ń mú oúnjẹ bu lè hù sí ibi syrinx gan-an, kó sì dí i. Ẹyẹ ń fi àìsàn pamọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ó ti pẹ́ lára rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan gbé odídẹrẹ́ rẹ̀ wá nítorí ikọ́. "Dókítà, ó di oṣù kẹta báyìí," ni ó wí, "kò jẹ́ kí n sùn mọ́." Mo gbọ́ ikọ́ náà fúnra mi: ó jinlẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há sí i, ìró ìtutọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. Mo fetí sí àyà ẹyẹ náà, mo ya àwòrán X-ray, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, nítorí pé odídẹrẹ́ ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó lè ran ènìyàn. N kò rí nǹkan kan. Ẹyẹ kò tilẹ̀ ní iṣan tó pín àyà níyà kúrò lára ikùn, èyí tí àwa fi ń wú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ń rò ó ni bàbá dìde láti gbé àgò rẹ̀, ó wúkọ́, ó tutọ́ sínú áńkáṣíìfù, ó sì mí kanlẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ara ẹyẹ yín le. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ rí dókítà, lónìí yìí." Inú bí i. Ó ní ẹyẹ lòun gbé wá, òun kò gbé ara òun wá.

Lẹ́yìn oṣù méje ni ó padà wá. Wọ́n ti rí àìsàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó ti ń gba ìtọ́jú, ó sì ti jáwọ́ nínú sìgá. Ó ní ikọ́ òun ti lọ, ti ẹyẹ ni kò lọ, pé ní àràárọ̀, ní wákàtí tí òun máa ń tan sìgá àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀, ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹyẹ náà wúkọ́ nínú àgò, ó tu itọ́ tí kò sí, ó mí kanlẹ̀. Bàbá náà sì gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.