Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ibi tí RSS ti wá

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń sìnkú RSS, òkú ọ̀hún kò sì tíì wọ sàréè. Ẹni tó bá gbọ́ podcast lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ RSS ló gbé e wá fún un, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí ni bóyá ó ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ máa tẹ̀lé àwọn ìkànnì ayélujára. Ó wúlò, màá sì dé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń bí mi nínú tipẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú rẹ̀: ta ni bàbá ọmọ?

Fún ẹni tí kò bá tíì pàdé rẹ̀ rí, fíìdì RSS jẹ́ fáìlì kan tí ìkànnì máa ń gbé síta. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni àkọlé àwọn nǹkan tuntun tí wọ́n kọ, líǹkì wọn, ọjọ́ tí wọ́n jáde, àti àlàyé ṣókí. Ẹ ó wá áàpù kan tí wọ́n ń pè ní rídà, ẹ ó fún un ní àdírẹ́sì fáìlì náà, òun ni yóò máa yọjú síbẹ̀ látìgbàdégbà láti wò ó bóyá ohun tuntun ti dé. Ẹni tó ni ìkànnì kò béèrè orúkọ yín, kò gba nọ́ńbà fóònù yín, kò sì sí alárinà tí yóò máa pinnu èyí tí ẹ ó rí àti èyí tí wọn yóò fi pa mọ́.

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ẹni tó ṣe é, Dave Winer, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi ò gbà. Bàbá tí mo mọ̀ ni Ramanathan Guha, ọmọ Íńdíà tó kàwé ní IIT Madras kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Stanford. Kí ọkùnrin yìí tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ayélujára rárá, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Douglas Lenat lórí iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Cyc. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ohun tí èèyàn mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà: pé omi máa ń dà sílẹ̀, pé òkú kì í rìn, pé ìyá dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ wá wò ó. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ ẹ̀rọ ní làákàyè báyìí bọ́ sí Apple lọ́dún 1995, ó bá ayélujára tó kún fún ojú-ewé tí ojú èèyàn lè kà, tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni oyún RSS ti dúró, ọdún mẹ́rin gbáko ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ohun tó ṣe ní Apple ni wọ́n pè ní Meta Content Framework, MCF fún ìkékúrú. Ọ̀nà ni láti kọ àlàyé nípa ojú-ewé kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: àkọlé rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, èwo ló tan mọ́ èwo. Wọ́n tiẹ̀ ṣe ètò kan sí i tó ń jẹ́ HotSauce, èyí tí èèyàn fi lè máa fò láàárín orúkọ àwọn ojú-ewé bí ẹyẹ lójú sánmà. Mo gbà pé eré ọmọdé ni púpọ̀ nínú àwọn tó rí i kà á sí, ìdí sì nìyẹn tí ìtàn fi gbàgbé rẹ̀. Ọdún 1997 ni Steve Jobs padà dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka tí kò bá so èso dànù, ilé ìwádìí tí Guha wà sì bá a lọ. Lọ́dún yẹn náà ni Guha kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tí èèyàn fi ń wo ayélujára. Níbẹ̀ ni òun àti Tim Bray, ará Kánádà tó wà lára àwọn tó ń ṣe XML, èdè àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́, ti fi XML tún MCF kọ, wọ́n sì gbé e lọ bá W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, lóṣù Kẹfà. MCF yìí ló fún RDF, ìlànà W3C fún kíkọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní ọ̀pọ̀ èrò tó wà nínú rẹ̀, orí RDF ni wọ́n sì gbé RSS àkọ́kọ́ lé ní oṣù Kẹta ọdún 1999. Guha, Dan Libby àti Eckart Walther ló ṣe é, fún My Netscape, níbi tí oníbàárà ti lè kó àkọlé ìròyìn láti ìkànnì oríṣiríṣi jọ sójú kan. Ìran-dé-ìran nìyẹn, kò sí àlàfo níbẹ̀.

Àwọn kan á ní Microsoft ni, torí CDF, irú fáìlì ìròyìn tiwọn, tí wọ́n mú jáde ní 1997. Mo gbọ́. CDF bá ìgbà tí gbogbo ayé ń pariwo pé kí ìròyìn máa fúnra rẹ̀ wọlé tọ èèyàn wá ni, ìgbà PointCast, ètò kan tó ń gbé ìròyìn wá sójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fòfin dè torí ó ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wọn. Ariwo ọ̀hún kò pẹ́ rárá. Àwọn ọmọlẹ́yìn Winer ní tiwọn á ní ó ti ń fi XML kọ fáìlì fún búlọ́ọ̀gì rẹ̀, Scripting News, láti oṣù Kejìlá ọdún 1997. Òótọ́ ni, Netscape sì mú lára rẹ̀ nígbà tó yá. Alágbàtọ́ rere ni Winer. Alágbàtọ́ kì í ṣe bàbá.

Orúkọ ọmọ yìí gan-an fi ìjà hàn. RDF Site Summary ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Kò pé oṣù márùn-ún, Libby yọ RDF kúrò nínú rẹ̀, ó di Rich Site Summary. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, Winer ti ń pè é ní Really Simple Syndication. Nílé wa, bí a bá ń sọmọ lórúkọ, bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá àgbà á fi owó sínú abọ́ kó tó sọ tirẹ̀, ọmọ á sì máa jẹ́ gbogbo wọn. Ti RSS yàtọ̀. Ó dà bí ọmọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayọ̀, tí bàbá ní Ayọ̀délé ni, tí ẹ̀gbọ́n ní Ayọ̀bámi ni, tí alágbàtọ́ wá kọ Ayọ̀kúnlé sínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù ló sábà máa ń borí.

Orúkọ tí wọ́n ń pe fáìlì náà, fíìdì (feed lédè Gẹ̀ẹ́sì), kò tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀ bíbọ́ ẹran ni. Àwa Yorùbá kì í fi ìròyìn bọ́ èèyàn, iṣẹ́ la máa ń rán, iṣẹ́ la sì máa ń jẹ́. Àwọn àgbà wá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ: pé kí ìránṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kó ti rọ ọ̀rọ̀ náà lójú. RSS kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí wọ́n ṣe rán an ló ń jẹ́ ẹ, bí ẹni gbé àrokò tí wọ́n ti dì tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Facebook ló mọ òwe náà jù, ó sì ti lò ó débi pé a ò mọ ohun tí wọ́n rán sí wa mọ́.

Bàbá kò dúró tọ́ ọmọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. AOL, ilé-iṣẹ́ ayélujára ńlá kan, ti ra Netscape, nígbà tó sì fi máa di 2001 wọ́n ti pa RSS tì. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn ni agbo ti pín sí méjì. Lóṣù kan náà, Kejìlá ọdún 2000, àwọn kan gbé RSS 1.0 jáde, wọ́n dá RDF padà sínú rẹ̀. Guha wà láàárín wọn, Aaron Swartz náà sì wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré. Winer ní tirẹ̀ gbé RSS 0.92 jáde, ibẹ̀ ló sì ti fi àyè sílẹ̀ fún fáìlì ohùn kó lè bá ìròyìn rìn, ohun tí Adam Curry, tó ti jẹ́ olóòtú lórí tẹlifíṣàn MTV, ti ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ibẹ̀ ni podcast ti hù, mi ò sì ní fi ìyẹn du Winer.

Ìyókù, gbogbo ayé ló ṣojú wọn. RSS 2.0 jáde ní 2002, Atom tó jẹ́ orogún rẹ̀ di ìlànà ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, àwọn rídà sì ń ka méjèèjì pọ̀ láìjà. Ọdún 2005 yẹn ni iTunes gba podcast wọlé, tí Google Reader, rídà Google, sì bẹ̀rẹ̀. Google tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2013, Firefox sì yọ rídà tirẹ̀ kúrò ní ìparí 2018. Ilé tí èrò máa ń wọ̀ sí ni wọ́n tì, ọ̀nà ṣì wà gbalaja.

Ṣé ó wá wúlò? Ẹ mú ìkànnì tó ń lo WordPress, ẹ fi /feed/ sẹ́yìn àdírẹ́sì rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó bá fáìlì náà níbẹ̀ tó jókòó, bí ẹni tó ni ibẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Bí mo ṣe ń tẹ̀lé Global Voices lédè Yorùbá nìyẹn. Wikipẹ́díà Yorùbá náà ní fíìdì Atom fún àwọn àtúnṣe tuntun, ó sì dára fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọkọ́mọ tó ń yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ìkànnì YouTube kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Fún ẹni tó ń ra dátà, ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì yìí, kò ní fídíò ìpolówó, bí kò bá sì sí ohun tuntun, sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, lè kàn dá rídà lóhùn pé kò tíì yí padà, kó má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìyà kan wà níbẹ̀ o: ìwé ìròyìn mìíràn á fi ìlà méjì péré sínú fíìdì kí ẹ lè wá wo ìpolówó wọn, Instagram kò sì fún yín ní nǹkan kan.

Ibi tí mo ti ń jẹ adùn rẹ̀ jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í kọ̀wé déédéé. Ìkànnì kan wà tí bàbá àgbàlagbà kan ń kọ oríkì àwọn ìlú kéékèèké sí. Ó dákẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá, mo ti ní bóyá bàbá ti lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ṣí rídà mi, àkọlé tuntun kan ti wà níbẹ̀ láàárín ìròyìn owó epo àti ti bọ́ọ̀lù: “Ẹ má bínú, ojú ló ń dùn mí.”