Ta ni NHS ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò sanwó? Bí ọsibítù ìlú ọba ṣe ń yẹ àlejò wò

Àwọn ìyá tó ń gbéra láti Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí ìlú ọba láti lọ wẹmọ máa ń di ọṣẹ dúdú, àdín àti ọ̀já ìpọnmọ sínú báàgì. Wọ́n a tún ki oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn bọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dì mọ́ ẹrù ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọn yóò bi wọ́n ní ọsibítù bí ara kò bá yá: níbo ni ẹ ń gbé? Orí ìdáhùn yẹn ni owó ìtọ́jú dúró lé.

NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948. Owó orí ni wọ́n fi ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú bùkátà rẹ̀, kò sì sí kaṣíà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó mọ ọsibítù OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, tó mọ̀ pé owó káàdì ló ń ṣáájú dókítà, á dé ọsibítù ní London, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò àyà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní na ọwọ́ gba kọ́bọ̀. Ó lè rò pé ọ̀fẹ́ ni. Bíìlì lè wá dé nínú lẹ́tà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí òfin ń wò kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù, kì í ṣe iye owó orí tí ènìyàn ti san rí, kì í sì í ṣe pé ó ní ilé síbẹ̀. Ibi tí ẹni náà fi ṣe ibùgbé ni. Ìdájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, lọ́dún 1982 ló là á sílẹ̀: kí ó wà níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu, kí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìgbé ayé rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí lásìkò náà. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi ẹ̀kẹrin lé e fún àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tí òfin ìwọ̀lú sì dè: wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ká àwọn àgbàlagbà kan lára jù. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ní London, tí kò jẹ ìjọba ibẹ̀ lówó orí rí, tó wá fẹ̀yìn tì sí ilé tó kọ́ sí Parakin ní Ifẹ̀, ti bọ́ kúrò lára àwọn tí NHS ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, kódà kí pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Bó bá lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fún oṣù méjì, àlejò ni. Ṣùgbọ́n bó bá kó padà lọ pátápátá, ọjọ́ tó dé gan-an ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Kò sí oṣù mẹ́fà kankan tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ. Ẹ̀rí pé ó kó lọ lóòótọ́ ni wọn yóò béèrè: ìwé ilé tó háyà, ìwé ẹrù tó fi ránṣẹ́, ìwé pé ó ti ta ilé tàbí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tí físà wọn ju oṣù mẹ́fà lọ: akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ tó lọ bá ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti san owó ìlera mọ́ owó físà kí wọ́n tó kúrò nílé. Láti ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2024, pọ́n-ùn 1,035 ni fún ọdún kan. Ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún jẹ́ 776. Gígùn físà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gígùn ẹ̀kọ́. Ọmọ tó kúrò ní OAU lọ ka másítà ọlọ́dún kan sábà máa ń gba físà bí oṣù mẹ́rìndínlógún, nítorí náà owó ọdún kan àti ààbọ̀ ni yóò san, pọ́n-ùn 1,164. Àwọn tó gba físà òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú kì í san án rárá. Gbogbo wọn ni ọsibítù ń tọ́jú bí onílé láti ọjọ́ tí físà ti bẹ̀rẹ̀, àfi ìtọ́jú ìrànlọ́wọ́ láti rí oyún bí IVF, tí wọ́n yọ kúrò lọ́dún 2017. Ọjọ́ tí físà bá parí ni ààbò náà parí, àyàfi tí ẹni náà bá ti béèrè fún òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó kú.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àlejò olóṣù mẹ́fà, ìyẹn ìyá tó lọ wẹmọ. Kò san owó ìlera, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà san án bó tilẹ̀ wù ú. Nàìjíríà àti ìlú ọba kò ní àdéhùn kankan pé kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń lọ sí Jámánì tàbí Faransé kò ní rí físà gbà láìní adójútòfò tó tó yúrò 30,000. Ti ìlú ọba kò béèrè, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láìní nǹkan kan lọ́wọ́.

Nínú ọsibítù, iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí ní ẹ̀ka tirẹ̀, ọ̀gá wọn ni wọ́n ń pè ní Overseas Visitor Manager. Ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń wá láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé: ibi tí ènìyàn ń gbé, àti ọjọ́ tó wọ ìlú. Gbogbo aláìsàn ló yẹ kí wọ́n bi í, Òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Òfin kò gbà kí wọ́n fa ẹnì kan yọ nítorí orúkọ tàbí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ó lè jẹ́ àlejò, fọ́ọ̀mù yóò dé, ẹni tó ń bójú tó àlejò yóò sì wá jókòó tì í pẹ̀lú ìbéèrè tó jinlẹ̀ sí i. Ní àkókò kan náà, wọ́n lè wo orí kọ̀ǹpútà. Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà àti ìwọ̀lú, ń fi orúkọ àwọn tó san owó ìlera ránṣẹ́ sí NHS, bí àkọsílẹ̀ bá sì bá ara mu, àmì àwọ̀ ewé yóò hàn lórí orúkọ ẹni náà. Ti ẹni tó gbọ́dọ̀ sanwó jẹ́ pupa.

Àkọsílẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo bára mu. Orúkọ Yorùbá ló sábà máa ń fa ìjàngbọ̀n: orúkọ ìdílé ti bọ́ sí ipò orúkọ àkọ́kọ́ lórí físà, tàbí òṣìṣẹ́ ẹnu bodè kan ti gé orúkọ gígùn kúrú nínú kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó tán wá ń gba bíìlì. Kò yẹ kó fòyà, kò sì yẹ kó dákẹ́. Kí ó fi pásípọ́ọ̀tù hàn, kí ó sì ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí káàdì ike àtijọ́ ti dópin ní ìparí ọdún 2024. Kóòdù tí yóò fún wọn láti fi wò ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bó bá ti sanwó kí ẹ̀rí tó jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó rẹ̀ padà.

Bó bá wá dájú pé àlejò ni, dókítà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Dókítà ló ń pinnu bí ìtọ́jú ṣe le tó, kì í ṣe ẹni tó ń ka owó. Ìtọ́jú tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó dé kò dé. Èyí tí kò lè dúró títí ẹni náà yóò fi lè padà sílé náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti máa béèrè owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó lè dúró, bí orúnkún tó ti ń dunni láti ọdún mẹ́ta tàbí fíbírọ́ìdì tí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀, wọn kò ní fọwọ́ kàn án àfi tí gbogbo owó tí wọ́n ṣírò bá ti wọlé. Òfin ọdún 2017 ló sọ ọ́ di dandan. Aboyún wà ní ipò ọ̀tọ̀: ìtọ́jú oyún àti ìbímọ wà lára èyí tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, wọn kò gbọ́dọ̀ dá a padà tàbí fi falẹ̀. Àìdá a padà kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ o. Bíìlì yóò tẹ̀ lé e, bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí, tí ọmọ tún lo ọjọ́ nínú ẹ̀rọ, owó náà á ga.

Iye rẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Ohun tí NHS ń ná lórí iṣẹ́ kan ni wọn yóò fi ìdajì rẹ̀ lé. Iṣẹ́ tó bá ná NHS ní pọ́n-ùn 4,000, àlejò yóò san 6,000.

Ibi tó ń dani láàmú jù ni ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ka pàjáwìrì, A&E, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, láìka físà sí. Bí ìyá bá ṣubú ní ilé ìdáná ọmọ rẹ̀ ní Birmingham, tí ọkọ̀ gbé e lọ, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní A&E kò ní owó nínú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí dókítà bá gbà á sí wọ́ọ̀dù ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kódà kó jẹ́ pé àìsàn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, pàjáwìrì sì ni síbẹ̀. Àpọ́ìntìmẹ́ǹtì tí wọ́n bá fún un pé kó padà wá wà lára ohun tó ń san owó fún. Ó yẹ kí ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn béèrè ní gbangba: ṣé A&E la ṣì wà, àbí wọ́n ti gbà wá sí wọ́ọ̀dù?

Àwọn àìsàn kan wà tí owó kò sí nínú wọn fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí a kò bá tọ́jú ẹnì kan, yóò kó ran ìlú. Ibà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, táífọ́ọ̀dù, kọ́lẹ́rà, ibà Lásà, àrùn mẹ́dọ̀wú tí kòkòrò ń fà, HIV àti àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí a ti ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn wá: bí ara bá gbóná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dé, kí a sọ fún dókítà pé Nàìjíríà la ti wá, kí ó yẹ ibà wò kíá. Fífi ètò sí ọmọ bíbí jẹ́ ọ̀fẹ́, oyún ṣíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìtọ́jú ohun tí ìfìyàjẹni, abẹ́ dídá fún obìnrin, ìwà ipá inú ilé tàbí ìfipábánilòpọ̀ fà náà jẹ́ ọ̀fẹ́, bí kì í bá ṣe torí ìtọ́jú yẹn lẹni náà ṣe rìnrìn-àjò.

Dókítà àdúgbò, GP, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti rí i, àlejò pàápàá lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Oògùn tó bá kọ, pọ́n-ùn 9.90 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san án. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá kan ń ti ibẹ̀ wá. Ìyá gba nọ́ńbà NHS lọ́dọ̀ GP, GP kọ lẹ́tà pé kó lọ rí dókítà ọkàn ní ọsibítù, gbogbo ilé sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí ibùgbé. Lẹ́tà GP kì í sọ ìtọ́jú ọsibítù di ọ̀fẹ́. Èyí tó burú jùyẹn ni kí ọmọ kọ́ ìyá rẹ̀ pé kó sọ pé òun ń gbé ibẹ̀: físà yóò tú u fó, ó sì ti di ọ̀rọ̀ jìbìtì.

Nítorí náà, ilé ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gba lẹ́tà lọ́dọ̀ dókítà tó ń rí i, kí orúkọ oògùn gan-an wà nínú rẹ̀, bí amlodipine 10mg, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí. Kí oògùn tó kó dáni tó fún gbogbo oṣù tí yóò lò, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì lé. Adójútòfò ìrìnàjò ṣeé rà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń béèrè àìsàn àtijọ́ nínú fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ti ara wọn jẹ́. Wọ́n á kọ "kò sí" kí owó lè dín. Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé, ilé iṣẹ́ náà yóò béèrè àkọsílẹ̀ ìlera láti Ifẹ̀, wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún mẹ́wàá níbẹ̀, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀. Kí a sọ òótọ́, kí a san èyí tó wọ́n díẹ̀.

Skọ́tlándì, Wélsì àti Àríwá Ayílándì ní òfin tiwọn, nítorí náà kí ẹni tó ń lọ sí Glasgow má fi gbogbo èyí ṣe ìwọ̀n.

Gbèsè tó bá wáyé, ọrùn ẹni tí wọ́n tọ́jú ló wà lábẹ́ òfin, kì í ṣe ọrùn ọmọ tó gbà á sílé. Ti ọmọdé nìkan ló ń wà lọ́rùn òbí. Bó bá tó pọ́n-ùn 500, tí oṣù méjì sì kọjá láìsan, ọsibítù lè fi tó Home Office létí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ kọ físà tó ń bọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a kò gbọ́dọ̀ sá: kí ó pe ọ́fíìsì owó ọsibítù náà kí oṣù méjì tó pé, kí wọ́n jọ ṣàdéhùn iye tí yóò máa san lóṣooṣù, kí ó sì gbà á ní kíkọ. Fọ́ọ̀mù físà máa ń béèrè bóyá ènìyàn ti gba ìtọ́jú rí ní ìlú ọba, nítorí náà inú fáìlì tí pásípọ́ọ̀tù wà ni kí rìsíìtì ìkẹyìn máa gbé.