Kí Ẹ Tó Kán Sítẹ́rọ́ọ̀dù Sójú

Oògùn tí ń mú ojú pípọ́n wálẹ̀ wéré kò wọ́n ní kẹ́míìsì wa, láti Adó-Èkìtì dé Ìkọ̀lé. Ẹ yẹ ara ìgò rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí dexamethasone, prednisolone tàbí betamethasone, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Kì í pa kòkòrò. Ńṣe ló ń pa ojú lẹ́nu mọ́.

Bí ọ̀pá iṣu tàbí ewé àgbàdo bá gún àgbẹ̀ lójú, ohun tó jọ èyí tí ń mú búrẹ́dì bu lè bá egbò náà wọlé. Tó bá kán sítẹ́rọ́ọ̀dù lé e, pípọ́n á rọlẹ̀, ìrora á dínkù, àmọ́ awọ dídán iwájú ẹyinjú á máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀ títí tó fi lè lu. Herpes, kòkòrò tí ń dá egbò sí ètè, lè ba ojú jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Dókítà ojú nìkan ló lè sọ ìgbà tí sítẹ́rọ́ọ̀dù bá yẹ níbẹ̀, oògùn tí ń pa kòkòrò náà ní láti tẹ̀lé e.

Gilakóómà, àìsàn tí omi inú ẹyinjú fi ń ba ìríran jẹ́, ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí kì í sábà dunni. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ń dí ojú ọ̀nà tí omi inú ẹyinjú ń gbà jáde. Omi á máa tẹ iṣan ìríran, ohun tó bá kú níbẹ̀ kì í jí mọ́. Nínú ènìyàn mẹ́ta tó ń kán an, ó tó ẹnìkan tí títẹ̀ omi inú ẹyinjú rẹ̀ ń le sí i, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ní gilakóómà, ẹ sọ fún dókítà. Ọmọ tí ojú ń yún, tí wọ́n ń kán an fún látoṣù dóṣù, wà nínú ewu kan náà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Adó àti Ìdó; ẹ lọ wọn bí omi inú ẹyinjú yín ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bí ẹ bá máa lo sítẹ́rọ́ọ̀dù kọjá ọ̀sẹ̀ 2.

Ẹni tó ń lo ritonavir tàbí cobicistat fún HIV, ẹ má fi í pamọ́ fún dókítà: ẹ̀dọ̀ kò ní lè fọ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù náà bó ṣe yẹ, á sì kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Diclofenac tàbí ketorolac, oògùn ìrora tí a ń kán sójú, tó bá bá sítẹ́rọ́ọ̀dù pọ̀, lè má jẹ́ kí egbò ojú jinná. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa wo ṣúgà rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Bí oògùn ojú bá pé méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí àárín wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá kán ẹ̀kán kan, ẹ dijú, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó kọjú sí imú fún ìṣẹ́jú 2, kó má bàa sàn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ìgò tí ẹ ti ṣí kọjá ọ̀sẹ̀ 4, ẹ sọ ọ́ nù.