Bí ejò ọ̀sìn ṣe ń sọnù, àti bí a ṣe ń wá a

Kò sí ìjà láàárín ejò tó sọnù àti ẹni tó ń sìn ín. Ooru ni ejò ń tọ̀ lẹ́yìn. Kò lè mú ara rẹ̀ gbóná láti inú bíi tiwa. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ṣe ń gbóná. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibi tó móoru àti ibi tó tutù. Ball python, òjòlá kúkúrú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sìn, ń fẹ́ kí apá kan àpótí rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 31 sí 32 Celsius, kí apá kejì wà ní bí 25 sí 27. Ó ń fẹ́ ibi híhá tó ṣókùnkùn lápá méjèèjì, àti omi. Èyí tí kò bá rí nínú àpótí, á lọ wá a níta.

Imú ló fi ń wá ọ̀nà. Lóru, á máa fi ti ọmọrí, á fi ti etí gíláàsì, á fi ti ihò tí wáyà gbà wọlé. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ara ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọrí tí a kàn gbé ìwé ńlá lé kò tíì di títì o.

Bí a bá rí i pé kò sí níbẹ̀, ká ti ilẹ̀kùn yàrá, ká fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, ká kó ológbò àti ajá kúrò. Lẹ́yìn náà, inú àpótí gan-an ni ká kọ́kọ́ tú. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ejò tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ lè wà lábẹ́ ohun tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí kò bá sí, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Gbangba máa ń ba ejò lẹ́rù, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló sábà máa ń tọ̀. Ká wo ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń gbóná, abẹ́ dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn ìwé, inú bàtà, inú aṣọ abẹ́ àga onítìmùtìmù. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí àga náà, kí wọ́n má sì tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, títí a ó fi yẹ̀ wọ́n wò.

Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń wá a, bẹ́ẹ̀ òru ni púpọ̀ nínú àwọn ejò yìí ń rìn. Ká pa iná, ká jókòó jẹ́ẹ́, ká máa tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri á máa dún bó bá gun orí rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí a wọ́n sí ẹnu ọ̀nà á fi ipa ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ká má dẹ àtè eku sílẹ̀, nítorí ó máa ń ya awọ rẹ̀. Ejò tó ti dàgbà lè wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun, nítorí náà kò yẹ ká tètè sọ̀rètí nù.

Ibi tó ti ń ni ènìyàn lára ni sísọ fún aládùúgbò. Ìtìjú kò gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́: ẹni tí kò mọ̀ pé ejò náà kò lóró lè fi igi pa á. Bó bá jẹ́ olóró, ká jáde nínú yàrá, ká pe àwọn tó mọṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó sì ti sú ni, a kì í jù ú sígbó. Ní Everglades, irà ńlá kan ní Florida ní Amẹ́ríkà, òjòlá Burmese tó tinú ilé àwọn ènìyàn jáde ti bí síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń gùn ju mítà 5 lọ, wọ́n sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ dín kù gan-an.

Bí a bá rí i, ká yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó fara pa, ká fún un lómi, ká fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó jẹun. Ká fi ọṣẹ fọ ọwọ́, torí kòkòrò àrùn Salmonella lè wà lára rẹ̀. Kó tó wọ àpótí padà, ká wá ihò tó gbà jáde, ká sì wo tẹmómítà: ó lè jẹ́ pé iná tó ń mú ibẹ̀ gbóná ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta.