Ọ́ísítà ara gbòǹgbò: ohun tí sísè kò lè mú kúrò

Ọ́ísítà tí à ń sọ níbí ni ẹran inú ìkarahun tó máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ gbòǹgbò igi máńgírófù, igi tí wọ́n tún ń pè ní ẹ̀gbà, nínú ọ̀sà àti ní ẹnu odò láti Senegal títí dé Angola. Crassostrea tulipa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Crassostrea gasar ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ má jẹ́ kí orúkọ méjèèjì dà yín láàmú. Àyẹ̀wò DNA tó jáde ní 2002 fi hàn pé irú rẹ̀ kan náà wà ní etíkun ìhà kejì òkun, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Òun ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò láti mọ ìdọ̀tí tó wà nínú omi; ìbéèrè tó máa ń wáyé nípa rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Ṣebí omi ló dọ̀tí. Kí ló dé tó jẹ́ ọ́ísítà ni wọ́n ń yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ bá bù sínú ìgò ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ohun tó wà nínú omi ní aago mẹ́wàá nìkan ló lè sọ. Bí ẹnì kan bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ lóru, omi tó fà padà sókun ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ́ísítà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Ojú kan náà ló wà, tó ń la ìkarahun rẹ̀, tó ń fa omi sínú, tó ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ọ̀pọ̀ lítà lójúmọ́. Èérí tó kù lórí asẹ́ ló ń jẹ: ewéko omi tíntìntín, ẹrẹ̀, kòkòrò àrùn. Àwọn irin bíi bàbà, síńkì àti kádíọ́mù, irin olóró kan, máa ń wọ inú ẹran ara rẹ̀, níbi tí àwọn purotéènì kan ti ń dì wọ́n mú kí wọ́n má baà pa á. Ìdí nìyí tó fi lè sanra, kó máa dán, kí májèlé sì kún inú rẹ̀.

Ti epo rọ̀bì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ní ẹ̀dọ̀ tó ń fọ́ èròjà olóró inú epo sí wẹ́wẹ́ kó lè yà á jáde. Agbára ti ọ́ísítà kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ń kó o jọ. Ní 1975 ni Edward Goldberg, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí a fi irú ẹran báyìí ṣọ́ etíkun. Ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀, Mussel Watch, bẹ̀rẹ̀ ní 1986.

Ìbéèrè: Mo rí ọ́ísítà tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ oúnjẹ tó jẹ, ó sì lè jẹ́ bàbà. Ní Marennes nílẹ̀ Faransé, ewéko omi kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń pa á láró, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á. Ní Taiwan ní 1986, bàbà inú ìdọ̀tí tó bá odò wá sókun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òjé àti kádíọ́mù kò tilẹ̀ fún un ní àwọ̀ kankan.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń kó o, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Nídìí kíkó ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ. Ẹ kó 20 sí 30 ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí gígùn wọn sún mọ́ra, ká ní mìlímítà 40 sí 60. Gíga kan náà lára gbòǹgbò ni kí ẹ ti kó gbogbo wọn. Èyí tó wà lókè ń wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nígbà tí omi bá fà, kò sì ní omi tí yóò sẹ́. Ti ìsàlẹ̀ ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ ara ìkarahun, kí ẹ kó wọn sínú omi òkun tó mọ́ fún wákàtí 24, kí wọ́n lè ya ẹrẹ̀ inú ìfun wọn dànù. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin inú ẹrẹ̀ ni ẹ ó wọ̀n, ẹ ó sì máa pè é ní ti ẹran.

Inú ọ̀rá tó mọ́ ni ẹ ó kó o sí bó bá jẹ́ irin lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ èròjà epo rọ̀bì, bébà alumíníọ́mù ni ẹ ó fi wé e, nítorí ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń tú èròjà sára ẹran. Ẹni tó bá gbé e sódì ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó délé.

Fún irin, ẹ ṣí ìkarahun, ẹ ro omi inú rẹ̀ dànù, ẹ gbẹ ẹran náà ní 60°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dínkù mọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Nǹkan bí gíráàmù 0.5 ni ẹ ó fi ásíìdì náítíríkì gbígbóná yọ́ títí yóò fi mọ́ gaara, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ tó ń ka iye irin. Ẹ fi ásíìdì lásán, tí kò ní ẹran nínú, sáàárín wọn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ọ́ísítà tí a ti mọ iye irin inú rẹ̀, irú SRM 1566b tí NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ti ìyẹ̀fun yẹn kà, ẹ má gba ìyókù gbọ́.

Àkókò náà ń tan ni jẹ. Nínú Ọ̀sà Èkó, òjò máa ń lé iyọ̀ inú omi lọ débi pé níbi tó jìnnà sí ẹnu òkun, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Ìwádìí Sandison ní èbúté Èkó, tó jáde ní 1966, ti tọ́ka sí bí ìyípadà yìí ṣe ń darí ìgbésí ayé ọ́ísítà níbẹ̀. Bí ó bá sì ti tú ẹyin rẹ̀ tán, ẹran rẹ̀ á joro. Irin tó kù nínú rẹ̀ kò lé, síbẹ̀ iye tó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan á ròkè. Oṣù kẹta ni kí ẹ fi wé oṣù kẹta.

Ìbéèrè: Èsì sọ pé kádíọ́mù jẹ́ 3 mg/kg (mìlígíráàmù nínú kìlógíráàmù kan), ààlà ilẹ̀ Yúróòpù sì jẹ́ 1. Ṣé ká figbe ta?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ẹran gbígbẹ ni àbí tútù? Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ara ọ́ísítà ni omi. 3 nínú ẹran gbígbẹ kò ju nǹkan bí 0.6 lọ nínú tútù, ti tútù sì ni ààlà náà. Bákan náà ni ti òjé, tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ìròyìn tó bá ju nọ́ńbà sílẹ̀ láìsọ èyí, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ìbéèrè: Bí mo bá sè é jinná ńkọ́?

Ìdáhùn: Iná ń pa ohun tó ní ẹ̀mí. Òjé kò ní ẹ̀mí. Ẹran á sún kì nínú ìkòkò, omi rẹ̀ á jáde, irin tó wà nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Omi mímọ́ pàápàá kì í yọ ohun gbogbo ní ìwọ̀n kan náà. Ní Yúróòpù, ibi tí E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi, inú ọ́ísítà rẹ̀ kò bá ju 230 lọ nínú 100 gíráàmù ẹran, wọ́n lè kó o lọ sọ́jà tààrà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 4,600, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwẹ̀nùmọ́, irú bíi kó wọ inú ọpọ́n omi òkun tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Wákàtí 42 ni wọ́n sábà máa ń lò ní Ìlú Ọba. E. coli á jáde láàárín àkókò yẹn. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, norovirus, máa ń so mọ́ ìfun rẹ̀, ó sì lè kù síbẹ̀. Kádíọ́mù ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ẹ sè é dáadáa nítorí kòkòrò, kí ẹ sì da èyí tó ti la ẹnu kó tó dórí iná nù, bí ẹ bá kàn án tí kò padé. Ní ti irin, ibi tí ẹ ti kó o nìkan ló lè gbà yín. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ẹ má gbàgbé aláboyún.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí ti kógbá sílé. Ṣé ọ́ísítà ibẹ̀ ti ṣeé jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ wo Santo Amaro ní Bahia, ní Brazil. Láti 1960 sí 1993 ni wọ́n fi yọ́ òjé níbẹ̀, lẹ́bàá odò Subaé tó ń ṣàn lọ sí Baía de Todos os Santos. Iná ti kú, ìdàrọ́ rẹ̀ kò kúrò. Wọ́n tilẹ̀ fi lára rẹ̀ ṣe títì láàárín ìlú. Ẹrẹ̀ ìdí máńgírófù kò ní afẹ́fẹ́, imí ọjọ́ inú rẹ̀ sì ń di òjé àti kádíọ́mù mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Epo tó dà ní Bodo, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ní 2008 náà wọ inú ẹrẹ̀ lọ.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ kò ṣe ọ́ísítà ní nǹkan púpọ̀, àfi bí wọ́n bá tú u. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ yanrìn tàbí tó ń la ojú omi máa ń gbé ẹrẹ̀ náà bọ́ sínú afẹ́fẹ́, irin á tú kúrò lọ́wọ́ imí ọjọ́, á sì wọ omi. Ẹ kó ọ́ísítà àti ẹrẹ̀ kí ẹ̀rọ tó wọ ọ̀sà, kí ẹ tún kó o ní oṣù kan àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ìdí igi kan náà.